Ọ̀gá Tó Kọ́ Mi Níṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá

Kí ọ̀gá mi tó dá èèyàn lóhùn, á kọ́kọ́ fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu awò ojú rẹ̀. Ará Èkìtì ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó máa ń sọ pé, "Àbúrò, má kánjú. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Ilé ìwòsàn kan ní Ìgandò ní ká gbé ètò wọn kúrò lórí Linux lọ sórí Windows, ìyẹn oríṣi ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo máa yan àkójọ kóòdù tí àwọn kọ̀ǹpútà wọn á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá kìlọ̀ fún mi: "Èyí tó dúró dáadáa lórí méjèèjì ni kó o mú o."

Èyí tó mọ́ mi lára lórí Linux ni mo mú, mo sì purọ́ fún un pé mo ti dán an wò lórí Windows. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, káàdì aláìsàn kankan ò jáde lójú kọ̀ǹpútà.

Olùdarí ọ́fíìsì wa jágbe mọ́ wa: "Ta ló yan ìranù yìí?"



Ọ̀gá ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, sà."

Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n fi mí sípò rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún olùdarí, mo dúpẹ́.