Eré Ìdárayá Nílé Iṣẹ́ Yìnyín

Òórùn ilé iṣẹ́ yìnyín kò jọ òórùn ibòmíràn tí mo mọ̀. Gáàsì tó ń ta nímú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òórùn irin tútù wà níbẹ̀, àti ti sìmẹ́ńtì tí omi kì í gbẹ lórí rẹ̀, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yìn àdúgbò wa ní Agége ni ilé iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ti máa ń wá ra áísì búlọ́ọ̀kù láàárọ̀. Bí o bá rí mi níbẹ̀ nígbà náà, wàá rò pé yìnyín lèmi náà wá rà. Rárá o. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbé wá.

Ọ̀rẹ́ mi, o rántí pé ilé iṣẹ́ oníke ní Ikẹjà ni mo wà tẹ́lẹ̀, níbi tí a ti ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tí a sì ń gé etí rẹ̀ kó dán. Ìdúró ni iṣẹ́ ọ̀hún, inú ooru sì ni. Ojú ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ ṣú, bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nígbà tó yá, ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ òsì wá wúwo bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni mo ń wọ́ kiri. A tọ́jú ibà, a tọ́jú jẹ̀funjẹ̀fun, mo ra awò ojú. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ó pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní kí wọ́n ya fọ́tò ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn mi, tó wá sọ fún mi pé multiple sclerosis ni, èyí tí àwọn ń gé kúrú sí MS. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ara gbogbo èèyàn tó ń bá kòkòrò àrùn jà, pé tèmi ló ṣì mí mú, tó ń jẹ ohun tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú àti ẹsẹ̀. "Ó dà bíi wáyà iná tí eku ti jẹ rọ́bà ara rẹ̀," ló wí. Ó ní oògùn wà tó lè ká àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó ń wo àìsàn náà sàn pátápátá.

Bí ìyá mi ṣe gbọ́, wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú ẹrù tó fi hàn pé wọn ò ní tètè lọ. Ọkọ mi ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, àárọ̀ ló ń jáde, nítorí náà ọwọ́ ìyá mi ni ilé wá wà. Wọ́n tọ́jú mi bí ọmọ tuntun. Wọ́n ń pọn omi ìwẹ̀ fún mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá ní kí n bu omi mu, wọ́n á ti dìde. "Ara tó ń ṣàìsàn, ìsinmi ló ń fẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, itan mi ń rù, bí mo bá rìn dé balùwẹ̀ lásán, màá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò mọ èyí tí àìsàn ṣe mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí bẹ́ẹ̀dì ṣe.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi eré ìdárayá tún ara aláìsàn ṣe. Físíò ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ní kí n máa dìde, kí n máa jókòó, kí n máa gbé orúnkún sókè, kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ nílé, nínú yàrá wa tí páànù rẹ̀ ń gbóná bí ààrò. Kò pẹ́ tí ojú mi tún ṣú, tí ẹsẹ̀ mi yẹ̀, tí mo sì jókòó sílẹ̀ gbì. Ìyá mi pariwo, wọ́n fi yìnyín sínú omi, wọ́n ki tówẹ̀lì bọ̀ ọ́, wọ́n fi bò mí lórí. Nígbà tí ara mi tutù, ojú mi là padà.

Wọ́n bá mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò tilẹ̀ jókòó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kó máa fò sókè sódò. Ojú ọmọ mi tún ti fọ́."

Físíò kò bínú. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ojú ọ̀hún là padà?"

"Ó là, nígbà tí mo fi omi tútù sí i."

"Ooru ni, Màmá. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti bó, bí ooru bá ti mú un, kì í gbé iná dáadáa. Tó bá tutù, á tún gbé e. Ooru yẹn ò ba wáyà jẹ́ sí i."

Ìyá mi wá jókòó. Wọ́n ronú díẹ̀. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí dókítà ní wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ńkọ́? Ṣé eré yìí ò ní bí wọn nínú?"

"Àwọn dókítà fúnra wọn rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Wọ́n máa ń ní kí aláìsàn lọ sùn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá rí i pé kì í bí wọn nínú. Wọ́n tilẹ̀ ní bí iṣan apá àti ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó lè pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn. Bó ṣe ń ran ẹni tó ní MS lọ́wọ́ tó, wọ́n ṣì ń ṣèwádìí rẹ̀. Mi ò ní tàn yín, Màmá, kì í ṣe pé ó ń wò ó sàn, kò sì gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀."

Ìyá mi mi orí. "Sójà tí kò níṣẹ́ ní bárékè ní í wá da ìgboro rú."

Físíò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ṣáà bá mi wá ibi tó tutù fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi wọ ìjábù wọn, ó di ilé iṣẹ́ yìnyín. Ìyá mi fúnra wọn ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ọ̀gá ibẹ̀ bi wọ́n pé yìnyín mélòó ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò ra yìnyín lónìí. Ibi tó tutù ni mo wá tọrọ." Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lórí ibi tó ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ ògiri kan hàn wọ́n, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí irin ìdìmú wà, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ bá a láti ẹnu yàrá yìnyín.

Báyìí ló ṣe di pé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí àwọn oníbàárà tó pọ̀, èmi àti ìyá mi á ti wà níbẹ̀. Màá dìde lórí bẹ́ǹṣì, màá jókòó, màá tún dìde. Màá di irin mú, màá gbé orúnkún sókè. Ìyá mi á máa fi tẹ̀sùbáà ka èyí tí mo ti ṣe, ètè wọn á máa jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí mo bá sì dúró láti sinmi, àtàǹpàkò wọn náà á dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn búlọ́ọ̀kù á máa yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ìgbà tí wọ́n ń fa gíláàsì. "Aunty, ẹ kú ìgbìyànjú o!" ni àwọn tó ń gbé e máa ń wí. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú mi ò ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ síbẹ̀ láìdúró sinmi lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé, àìsàn náà sì yọjú lọ́tun. Èyí kì í ṣe ti ooru. Ìbàdí mi kú, ọwọ́ òsì mi ò lè di ṣíbí mú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìlọ. Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa oògùn sí mi lára. Nígbà tí a padà délé, mo kọjú sí ògiri. Mo ní, "Ó parí. Wàhálà lásán ni gbogbo rẹ̀."

Mo rò pé ìyá mi á ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn ò wí i. Wọ́n ti bi dókítà léèrè níṣojú mi, ó sì ti ní eré ìdárayá kọ́ ló pè é, pé bí àìsàn náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ńṣe ni wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè bí físíò ṣe kọ́ mi. Ìró wọn fẹ́ẹ̀ tú. Wọ́n ń mí gùlegùle. "Bí ìwọ ò bá ṣe é, èmi á ṣe é." Mo bú sẹ́rìn-ín; ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́ kí n jókòó.

Ọwọ́ mi padà bọ̀ sípò, ìbàdí mi náà bọ̀ sípò dé ìwọ̀n kan. Mo padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n fi mí sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó yẹ ike wò. Nígbà tí ọkàn ìyá mi balẹ̀, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, èmi nìkan ni mo lọ sí ilé iṣẹ́ yìnyín. Ọ̀gá ibẹ̀ wo ẹ̀yìn mi.

"Màmá dà?"

"Wọ́n ti lọ sílé."

"Ta ló wá mú yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

MS ṣì wà lára mi, ọ̀rẹ́ mi. Mo ń lo oògùn mi, mo ń rìn. Mi ò lè búra pé eré ìdárayá ló mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú mi rọlẹ̀, kò sí ẹni tó lè wo inú mi kó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò bẹ̀rù ara mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo sì ti wá mọ ohun kan nípa ìyá mi. Nígbà tí wọ́n ń pọnmi fún mi, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá mi, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó tì mí nílé iṣẹ́ yẹn, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n níṣojú wọn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ tí kò mú tẹ̀sùbáà pamọ́ sábẹ́ ìjábù kí wọ́n má bàa gbá mi mú, ìfẹ́ ló ṣì jẹ́. Mo rò pé èyí ló le jù fún wọn.