Ọgbà Tí Ojú Kì Í Rí Létí Oko Ìyá Ìfọ́n

Ó ń dún kín-ín, kín-ín, bí aago kékeré. Ọmọ àbúrò mi ló mú mi lọ wo oko màlúù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí igi ọgbà. Àpótí kékeré ló so mọ́ ọrùn màlúù kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì fi ìka fa ìlà yí pápá ká lórí fóònù. Tí màlúù bá sún mọ́ ìlà yẹn, àpótí á dún. Tó bá ṣorí kunkun, iná kékeré á ta á, á sì yí padà. Ó ní ọgbà ìgbàlódé nìyẹn, ojú kì í rí i. Mo ní ó káre. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ pé èmi náà ti ṣe irú ọgbà bẹ́ẹ̀ rí. Ojú kì í rí tèmi náà, imú ló ń gbọ́ ọ.

Ó ku bí ọdún mélòó kan ká wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì n'Ílọ́bù. Iṣẹ́ mẹ́jọ ni mo jókòó fún nínú ìdánwò, Àgírìkì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, nìkan ni mo yege. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, wo èsì náà títí, wọ́n ní ó dáa, kí n lọ lò ó.

Bàbá mi ní màlúù márùn-ún lọ́wọ́ Bàbá Àlíù, Fúlàní kan tó ti bá wa gbé títí tó fi mọ òwe jù mí lọ. Ibi tí àwọn màlúù ti ń jẹko bá oko àgbàdo ẹ̀gbọ́n ìyá mi pààlà. Ìfọ́n ni wọ́n lọ́kọ sí, Ìyá Ìfọ́n la ń pè wọ́n. Wọ́n sì ti kìlọ̀: ọjọ́ tí màlúù bá fẹnu kan àgbàdo wọn, kí Bàbá Àlíù tú àgọ́, kó máa lọ. Ọmọ rẹ̀ méjì ń lọ síléèwé nítòsí, ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Kò fẹ́ lọ síbì kankan.

Ọgbọ́n tó dá ni pé ká po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, kó ki bí ògì, ká fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára àgbàdo ebè méjì àkọ́kọ́. Màlúù kì í jẹ ewé tó ń rùn bí ìgbẹ́ ara rẹ̀. Á gbóòórùn, á fọn imú, á yí padà. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀, ọgbà ti wẹ̀ lọ nìyẹn, a ó tún un wọ́n. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún.

Èmi tí mò ń fi òyìnbó kí ewúrẹ́, ni mò ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì ìgbẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ l'Óṣogbo sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ni mo bá lo Àgírìkì mi. Lẹ́yìn òjò ọjọ́ kan, mo bu ìgbẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan péré sínú omi, mo ro lọ́fínńdà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lé e, mo sì wọ́n ọn sára àgbàdo. Ó ń ta sánsán. Ọmọbìnrin náà kọjá, kò wojú mi. Àwọn màlúù ló wò mí. Bàbá Àlíù gbọ́kàn lé ọgbà, ó ń tọ́jú ọmọ màlúù tó ń ṣàìsàn lábẹ́ igi. Kó tó di ọ̀sán, ebè mẹ́rin ti lọ.

Ìyá Ìfọ́n dé, wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí Bàbá Àlíù máa di ẹrù. Ó tẹríba, ó ní òun lòun jẹ̀bi, oorun ló gbé òun lọ. Bẹ́ẹ̀ mo rí i tó gbé ewé símú, tó wò mí, tó sì gbójú kúrò.

Mo fẹ́ dákẹ́. Mo tiẹ̀ ti ń dákẹ́ lọ dáadáa, kí n má parọ́. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní ni mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màámi, èmi ni. Mo fi lọ́fínńdà sí i."

Wọ́n gbé ewé kan símú. Wọ́n tún gbé e símú.

"Lọ́fínńdà? Fún màlúù?"

"Ìgbẹ́ yẹn ń rùn, mà."

"Ọdún méjìlá ni bàbá rẹ fi rán ọ níwèé. Ohun tó o kọ́ bọ̀ ni pé ìgbẹ́ ń rùn." Wọ́n yíjú sí Bàbá Àlíù. "Ẹ tú ẹrù yín. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń pò ó, kí n lè máa ṣọ́ eléyìí."

Mo tún ebè mẹ́rin náà gbìn. Títí àgbàdo fi gbó, kò sí òjò tó dá tí mi ò jáde. Ọmọbìnrin aránṣọ wá rí mi dáadáa nígbà yẹn.

Ìyá Ìfọ́n ti dolóògbé, Bàbá Àlíù náà ti dolóògbé. Ilé ti bo oko yẹn, ibi tí màlúù ti ń jẹko ti di ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Fóònù ò nílò kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mi ò sì lè sọ pé ìyẹn burú. Àmọ́ ọmọ tó wà nínú oyún lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí. Tí àgbàdo tuntun bá ti dé, á gbé wàrà wá sílé Ìyá Ìfọ́n, àwọn ọmọ wọn á sì di àgbàdo fún un. Tí wọ́n bá bá mi níbẹ̀, wọ́n á bu wàrà fún gbogbo ilé. Tó bá kàn mí, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ lọ fọwọ́.