Bí Ọ̀gá Mi Ṣe Fọ Láptọ́ọ̀pù Bàbá Tíṣà

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlaròó, kò sí iṣẹ́ tí ọ̀gá mi fẹ́ràn tó kí ó fọ Kútọnu kúrò lára láptọ́ọ̀pù. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Àwọn oníṣòwò máa ń kó àlòkù wọlé láti Kútọnu, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú wọn á jẹ́ Faransé, lẹ́tà orí bọ́tìnnì wọn ò sì ní bá tiwa dọ́gba. Ọ̀gá mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá Múfú, á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, á fi Windows elédè Gẹ̀ẹ́sì sí i, á sì nu ara rẹ̀ títí á fi máa dán. Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Etí rẹ̀ ló di. Ẹ ó sì rí i pé n kò fi “wọ́n” bọlá fún un. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, ó ní láti wá ibi tí Windows wà. Ọ̀nà méjì ló lè gbà wá a: Legacy, tó jẹ́ ti àtijọ́, àti UEFI, tó jẹ́ tuntun, tó sì yára jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Windows sí i gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Inú díìsìkì sì dà bí ilé oníyàrá. Windows ń gbé ní C, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kó ẹrù wọn sí D. Bó bá jẹ́ ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi pín àwọn yàrá náà, tí o sì fi í sílẹ̀ ní Legacy, wàá tún C ṣe láì fọwọ́ kan D. Tí o bá yan UEFI, Windows á kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á wó gbogbo ilé náà, á tún un kọ́.

Bàbá Tíṣà gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá láti Ìmàṣàyí ní Ọjọ́bọ̀ kan. Pọ́bẹ̀, lódìkejì bọ́dà, ni wọ́n ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà Faransé ni wọ́n ń lò lórí rẹ̀, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Windows rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí o bá tàn án, ojú búlúù tí ọ̀rọ̀ Faransé wà lára rẹ̀ nìkan lo máa rí.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀. Má jẹ́ kó sọnù o.”

Ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Àgbà, ti kú. Màmá ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó mọ ààlà oko ẹbí wọn ní ọ̀nà Ìbèṣè. Kí wọ́n tó kú ni Bàbá ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń rìn yí oko náà ká, tí wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka sí igi ààlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìbátan kan fẹ́ ta oko náà fún àwọn tó ń wá ibi páàkì tírélà, ọ̀rọ̀ sì ti dé kóòtù. Lọ́yà Bàbá ń retí fídíò yẹn. Fóònù tí wọ́n fi yà á ti bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Mo yẹ díìsìkì náà wò, ìlànà àtijọ́ ni, D sì wà digbí. Mo fẹ́ kó ẹrù Bàbá pamọ́ kí n tó ṣe ohunkóhun, ṣùgbọ́n díìsìkì tí a fi ń kó ẹrù wà lọ́wọ́ oníbàárà kan títí di ọjọ́ kejì.

“Ọ̀gá, Legacy ni mo fi í sí o,” mo ní. “Ẹrù Bàbá wà ní D.”

“Mo ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, díìsìkì wa dé. Ọ̀gá ní kí n lọ kírun ná, pé màá ṣe é tí mo bá dé. Ìgbà tí mo fi máa dé, láptọ́ọ̀pù Bàbá ti ń dán lórí tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú rẹ̀. UEFI. D ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ọ̀gá, kí lẹ ṣe?”

“Faransé ni mo rí, mo rò pé ọjà Kútọnu ni.”

“Mo sọ fún yín lánàá!”

“Ṣé gbogbo ohun tó o bá sọ ni mo máa rántí ni?”

Nígbà tí Bàbá dé, ọ̀gá mi ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ọwọ́ ẹ̀ ló yá jù. Mo ti bá a wí.”

Bàbá yíjú sí mi. N kò tíì gba fíríìdọ̀mù. Ní ìdí iṣẹ́ wa, ọmọ iṣẹ́ tó bá já irọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú oníbàárà, kó yáa gbàgbé fíríìdọ̀mù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ayétòrò. Ilé ẹjọ́ gba oko náà lọ́wọ́ Bàbá níkẹyìn. Tí mo bá ń lọ sí Ìbèṣè, mo máa ń rí àwọn tírélà tí wọ́n páàkì síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo pe Bàbá padà wá ló dùn mí jù. Mo ti fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ wá fídíò náà, Windows tuntun sì ti tẹ́ ara rẹ̀ lé èyí tó pọ̀ jù. Kékeré kan péré ni mo rí gbà padà. Màmá Àgbà dúró nínú oòrùn, wọ́n ń tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, “Ṣé nǹkan yín yìí ti ń gbọ́ mi? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?”

Ibẹ̀ ló parí sí.

“Tún un gbé sí i,” Bàbá ní.

Mo tún un gbé sí i. Wọ́n fi fìlà nu ojú, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí.

“Ọlọ́run á dárí jì ọ́, ọmọ mi. Èmi ti dárí jì ọ́.”

Mo wo ọ̀gá mi. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Mo ní, “Àmín, sà. Ẹ ṣé, sà.”