Ẹni tí Alágbàtà Mú Lọ

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màmá, ọ̀nà méjì ló wà tá a fi lè rí ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nílé wa ní Ayétòrò. Tíṣà ni mí, mi ò lè máa gbélé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká lọ sí Kétu, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti bí ìyá Màmá, kí ẹbí bá wa wá ẹnì kan. Ọ̀nà kejì ni obìnrin alágbàtà kan tó máa ń kó ọmọ ọ̀dọ̀ wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Èmi ni mo ní alágbàtà la máa lò. Mo ní ẹni tí ẹbí bá fún ọ, o ò lè bá a wí. Bó bá fọ́ àwo lónìí, ìpàdé ẹbí di ọ̀la. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni mo pe ara mi nígbà náà.

Àdéhùn alágbàtà kò le. A ò gbọ́dọ̀ bi ọmọ ọ̀dọ̀ léèrè ilé rẹ̀, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún wa. Bí ọdún bá ń parí lọ, alágbàtà á wá kó gbogbo wọn, á pààrọ̀ wọn láti ilé kan sí òmíràn, kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbì kankan. Gbogbo àwa tá à ń gbà wọ́n la mọ̀, ètò la sì ń pè é.

Opó kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún ló mú wá. Èdè Kétu ló ń sọ, bíi ti Màmá. Kò pé oṣù méjì tí Màmá ò fi jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́yìn ilé, obìnrin náà á máa bó ẹ̀gúsí, Màmá á máa fa ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, òun á sì dúró kí wọ́n parí. Èmi ò ní sùúrù yẹn. Kí Màmá tó sọ ìlàjì, mo ti dáhùn, mo ti jáde.

Bí ọyẹ́ ṣe dé ni alágbàtà dé. Obìnrin náà ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ ṣì ń fẹ́ mi." Mo sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Alágbàtà ní ètò ni ètò. Ó mú un lọ, ó fi òmíràn sílẹ̀, Màmá kò sì gba ṣíbí ẹ̀kọ kan lọ́wọ́ ẹni tuntun náà. Ìwọ̀nba tí mo bá fi ẹ̀bẹ̀ fún wọn ni wọ́n ń jẹ.

Màmá ń rù. Mo bẹ alágbàtà títí, kò sọ ibi tí obìnrin náà wà. Mo bi àwọn onímọ́tò Ìmẹ̀kọ, mo bi àwọn ọlọ́kadà. Odindi oṣù kan kọjá kí ẹ̀gbọ́n mi tó bi mí pé, "Ṣé o ti bi Màmá?"

Ojú tì mí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n, mo sì dúró. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n dárúkọ abúlé kan lẹ́yìn Kétu, wọ́n sọ agbo ilé tí mo máa béèrè. Wọ́n ní, "Ó sọ fún mi kó tó lọ. O ò bi mí ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà gba Ìlárá kọjá. Ìyá ọkọ obìnrin náà fún mi lómi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní alágbàtà ti mú un lọ sí Gàbóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ọ̀dọ̀ wa ló wà látìgbà tí wọ́n ti mú un kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti bá alágbàtà lọ. Ó ní ọmọ Màmá Ayétòrò ń bọ̀ wá mú òun. Àràárọ̀ ló ń jókòó síta retí yín. Ẹ pẹ́ jù."

Mi ò lè mu omi náà. Nígbà tí mo délé, Màmá ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ó dà?"

Mo ní, "Ó ti lọ, Màmá. Èmi ni mo pẹ́."

Wọ́n yíjú sí ògiri. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.