Bí Gọ́ọ̀mù Ṣe Ki Tó Lọ́jọ́ Náà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Láńrewájú Ògúnbọ̀nà lò nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ náà wà nítòsí Duluth ní òkè òkun, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé. Náílọ́nù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: àpò kọfí, àpò ìpékeré, àpò ọbẹ̀ tí èèyàn á kàn jù sínú omi gbígbóná. Ẹni tó bá ya irú àpò bẹ́ẹ̀ máa rò pé náílọ́nù kan lòun ya. Méjì ni, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ọ̀kan le, ó ń dán, òun ni wọ́n tẹ àwòrán sí. Èkejì rọ̀, òun ló ń yọ́ tí ẹnu àpò fi ń dé pa. Gọ́ọ̀mù ló so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ Láńrewájú ni pé kí wọ́n má tú.

Uncle ni mo ń pè é. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, òun ló sì bá mi gba fọ́ọ̀mù nígbà tí mo parí yunifásítì tí mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kẹ́mísìrì. Wọ́n gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí a ti ń fa náílọ́nù ya láti mọ bó ṣe lẹ̀ tó. Ohun tí mo kà nípa gọ́ọ̀mù nílé ìwé kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Ìyókù, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kíki gọ́ọ̀mù ló ń pinnu gbogbo nǹkan. Rólà tó ń gbé gọ́ọ̀mù sórí náílọ́nù ní ihò wẹ́wẹ́ lára, ojú lásán kò rí wọn. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọnú àwọn ihò náà kó kún, kó sì tún jáde kúrò níbẹ̀. Bó bá ki jù, kò ní jáde tán. Á fi ìlà gbígbẹ sílẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ tó ti gbó gbá, afẹ́fẹ́ á sì há sáàárín náílọ́nù méjèèjì. Bó bá ṣàn jù, ohun tó máa kù lẹ́yìn tó bá gbẹ kò ní tó nǹkan. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àṣìṣe méjèèjì kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Náílọ́nù á jáde, á máa dán, wọ́n á ká a. Ó di ọjọ́ kẹta, ó di ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn tí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀, kó tó tú.

Ife irin kékeré kan ni wọ́n fi ń wọn kíki. Ó ní ọwọ́ gígùn lókè, ó ní ihò kan ní ìdí. Uncle á tì í bọ inú gọ́ọ̀mù, á fà á sókè, á tẹ aago. Gọ́ọ̀mù á máa ṣàn jáde nídìí ife bí okùn tín-ín-rín. Bí okùn náà bá ti já, á tún tẹ aago. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún ni ti gọ́ọ̀mù tiwa. Mẹ́tàdínlógún dára, ogún ṣeé fara mọ́. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Wákàtí wákàtí ló ń wọ̀n ọ́n, á kọ iye rẹ̀ sórí ìwé tó wà lára ẹ̀rọ, á sì fọwọ́ sí i. Mo ti wo àwọn ìwé àtijọ́ náà láti ọdún dé ọdún. Kò sí nọ́ńbà tó kọ tí kò rí.

Ìyàwó rẹ̀, Aunty Oyèrónkẹ́, ni ìdí tí kì í fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Kíndìnrín Aunty méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Uncle ń fi mọ́tò gbé e láti ilé wọn ní Loganville lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn kan fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó ń dúró de kíndìnrín, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn náà sọ òfin rẹ̀ fún wọn kedere: insurance, ìyẹn àdéhùn ìlera tó máa san owó iṣẹ́ abẹ àti òògùn ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láìdá. Ọjọ́ tí kò bá sí, bí kíndìnrín tó bá a mu bá tiẹ̀ dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè. Iṣẹ́ Uncle ló gbé insurance yẹn wá. Kò sí òmíràn.

Ọ̀gá tó ń darí shift wa ni Bíyìí. Uncle ló mú òun náà wọ ilé iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó sì gbà á sílé, òun àti Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, fún odindi ọdún kan. Bíyìí mọ kọ̀ǹpútà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá lórí Uncle. Bí àwa Yorùbá nìkan bá wà níbẹ̀, Uncle ló ń pè é. Bí òyìnbó bá dé, Uncle ti di Larry lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù January, òtútù kan bò wá tí yìnyín dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin. Dúrọ́ọ̀mù gọ́ọ̀mù tuntun sùn nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì. Nígbà tó dé, òfin ni pé kó wà nínú yàrá olóoru fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, nítorí òtútù a máa mú gọ́ọ̀mù ki. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ń ta ọbẹ̀ ti ń dúró, ọkọ̀ tó máa kó náílọ́nù wọn sì ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Bíyìí ní kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù.

Mo wà níbẹ̀, mo wá gba díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Uncle ti ife bọ̀ ọ́. Okùn gọ́ọ̀mù náà kò já bọ̀rọ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó nu ife mọ́, ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ránṣẹ́ pe Bíyìí.

"Ó ki," ni Uncle wí. "Jẹ́ kó móoru di ọ̀la."

"Uncle, truck ń bọ̀ ní two. Ẹ bu tínà sí i kó ṣàn, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Òtútù ló mú un ki, kì í ṣe pé tínà rẹ̀ kò tó. Tínà tó máa gbé e wá sí méjìdínlógún, bó bá fò lọ tán, kí ló kù lórí náílọ́nù?"

Bíyìí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin yìí, ẹ fẹ́ràn ife yìí ju Aunty lọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe wà. Ooru ẹ̀rọ á yọ́ ọ."

Ooru ẹ̀rọ kò sí níbi rólà. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló wà, lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti dórí náílọ́nù, tí ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Bíyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Uncle kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sórí ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó sì tan ẹ̀rọ. Gọ́ọ̀mù máa ń gba ọjọ́ kan kó tó le dé ibi tí a ti lè fà á wò, nítorí náà ọkọ̀ ti kó náílọ́nù náà lọ kí n tó rí i pé kò lẹ̀ dé ìdajì bó ṣe yẹ. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Bíyìí. Kò dá mi lóhùn.

Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá, àpò ọbẹ̀ ti ń padà wá. Nínú omi gbígbóná, náílọ́nù méjèèjì ń kúrò lára ara wọn bí èépá ojú ọgbẹ́. Ilé iṣẹ́ ní wọ́n máa rán ẹni kan wá láti olú ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ Wednesday láti wo ìwé ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sán Sunday tó ṣáájú rẹ̀, Bíyìí àti Fúnkẹ́ gba Loganville lọ tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wà níbẹ̀, mo ń bá Aunty dirun. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bíyìí wọ yàrá, ó yọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ń bá òun ṣe ìwé ìgbélùú. Bí wọ́n bá mọ̀ pé òun ló ní kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù tútù, wọ́n á lé òun, ìwé á kú, òun àti ìyàwó òun àti àwọn ọmọ á sì kó ẹrù. Ti Uncle kò lè dà bẹ́ẹ̀, ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan, ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n máa fún un, wọ́n á ní ife ló bàjẹ́. Òun fúnra òun ló máa kọ ìròyìn rẹ̀. Ó ti mú ìwé tuntun tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀ dání kí Uncle lè kọ nọ́ńbà tó dára sí i, ó ká a sínú Bíbélì. Ti àtijọ́, tí mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lórí rẹ̀, ó ti yọ ọ́ lára ẹ̀rọ.

Mo ní, "Uncle, ohun tí ẹ rí lẹ kọ. Ẹ má yí i padà."

"Tẹ́ní," ni Bíyìí wí láti ilẹ̀, láìgbé orí sókè, "àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀."

Bíyìí wà nílẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ó lè wà níbẹ̀ di alẹ́. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Aunty Oyèrónkẹ́ ló sọ̀rọ̀, ẹni tí ó yẹ kó dákẹ́ jù lọ nínú gbogbo wa.

"A kì í wo ọmọ ẹni nílẹ̀ títí báyìí. Bàbá, ẹ gbé e dìde."

Uncle gbé e dìde. Ó mú bírò. Ó yẹ kó kọ nọ́ńbà mẹ́jọ, ti wákàtí mẹ́jọ. Ó kọ méjìdínlógún, ó tún kọ méjìdínlógún, títí tó fi pé mẹ́jọ, gbogbo wọn bákan náà. Mo rí i. Mo mọ ohun tí mo rí. Gọ́ọ̀mù kì í dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́jọ: tínà ń fò lọ, gọ́ọ̀mù ń ki, wọ́n á bu tínà là á, á tún ṣàn. Ẹni tó bá mọ irọ́ pa á kọ mẹ́tàdínlógún, ogún, mọ́kàndínlógún. Uncle kò mọ irọ́ pa. Bíyìí kò fi ojú kan ìdí ẹ̀rọ láti ọdún márùn-ún, kò sì rí nǹkan kan. Mo pa ẹnu mọ́, nítorí wọ́n ti ní àgbà ń sọ̀rọ̀, mo sì ń bínú.

Jonah ni orúkọ ẹni tí wọ́n rán wá. Ó wo ìwé náà, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó béèrè lọ́wọ́ Uncle irú gọ́ọ̀mù wo ló wà ní nọ́ńbà kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ti sọ fún Jonah kí wọ́n tó pe Uncle wọlé pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fojú mi rí, pé Bíyìí ló ní kí wọ́n máa lọ, òun náà ló sì gbé ìwé tuntun wá. Bíyìí ní òun kò jáde ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Jonah yíjú sí Uncle, ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ní kó kọ ohun tó kọ. Ìbéèrè tó lè gbà á là nìyẹn, ó sì bi í lẹ́ẹ̀mejì. Mo yin Jonah fún ìyẹn.

Uncle ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní òun lòun kọ ọ́.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tèmi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọn kò lé e nítorí náílọ́nù tó tú. Nítorí ìwé èké ni wọ́n ṣe lé e, ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kí sẹ́kúríìtì kan tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Mo sáré bá a níbẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí.

"Mo ti gbé e dìde nílẹ̀, Tẹ́ní," ló wí. "Ṣé kí n tún wá tì í ṣubú ni?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Àwọn kan nínú ìjọ gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fi ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ ra kí ẹlòmíràn lè dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí kò sì bi ìyàwó náà bóyá ó mọ ohun tó ń sọ nígbà tó ní kó gbé e. Mi ò dárí ji Bíyìí. Mi ò tíì dárí ji Uncle náà. Èmi tí mo rí méjìdínlógún mẹ́jọ léra wọn tí mo dákẹ́, kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ara mi.

Insurance parí ní òpin oṣù. Iye tí wọ́n ní kó máa san fúnra rẹ̀ kí ó má bàa já, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o. Pásítọ̀ bá Uncle àti Bíyìí parí ìjà tí kò sẹ́ni tó jà. Ìwé ìgbélùú Bíyìí jáde ní May, ó ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì ní kí Uncle wá gbàdúrà lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ó lọ. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ní báyìí, ó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ọjà tí àwọn èèyàn rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Pleasant Hill Road lọ sí ilé wọn, iṣẹ́ tí kò ní insurance kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ Aunty gbà láti máa ṣe é lọ ná. Lẹ́tà ilé ìwòsàn dé ní ọjọ́ Thursday kan. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ní máa pè é títí insurance yóò fi padà. Aunty kà á tán, ó ká a, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Láti ọdún mẹ́ta ló ti máa ń gbé fóònù rẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀, á gbé e sórí táńkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ìpè nípa kíndìnrín má bàa kọjá òun. Mo wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó fẹ́ wẹ̀. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí àga, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.