Ìkọ̀tá Ló Wà Níwájú

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo fi ń rántí ọ́fíìsì wa ní Thomas Estate, nítorí wọn ò tíì rẹ́ ilé náà tán tí a ti kó kọ̀ǹpútà wọbẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la wà níbẹ̀, oníbàárà gidi kan ṣoṣo la sì ní: ìdílé onílẹ̀ kan ní Lákòwé. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún wọn ni wọ́n fi ń to orúkọ àwọn tó ra ilẹ̀, kí wọ́n má baà ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. O kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí lápá ibẹ̀.

Nọ́ńbà la kọ́kọ́ fi ń pe ẹ̀dà tuntun ètò náà nígbàkígbà tí a bá tún un ṣe, àfi ìgbà tí bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ìdílé náà ní, “Ọmọ mi, ẹ fún un lórúkọ. Nọ́ńbà yìí ń rú mi lójú.” Ìgbà náà ni wọ́n ń fẹ títì ńlá Ẹ̀pẹ́ sí i, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù ló wà lẹ́nu gbogbo ayé, ni mo bá ní ká máa fi wọ́n pè é, láti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Jakande ló kọ́kọ́ jáde, Àgùngì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ìkọ̀tá, kó tó kan Ajah. Èyí tí a ṣì ń ṣe lọ́wọ́, tí oníbàárà ò gbọdọ̀ tíì rí, a ń pè é ní Ṣàǹgótẹ̀dó. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi, ọgbọ́n àgbọ́njù ni o.

Ó ṣe, kọ̀ǹpútà bàbá bàjẹ́. Ẹni tó tún un ṣe kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ pamọ́, ó ní kí bàbá fi ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn sí i. Ìkọ̀tá àti Ajah nìkan ló kù lọ́wọ́ bàbá, kò rántí èyí tó kọ́kọ́ gbà mọ́, orúkọ ló wò, ó sì fi Ìkọ̀tá sí i. Inú ẹ̀dà Ajah la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì “a ti tà á” sí. Ìkọ̀tá ò mọ àmì náà, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kí n tó gbọ́, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ti ta ilẹ̀ káfíńtà kan, ará Ìwó tó ń ṣiṣẹ́ l'Ájah, fún ẹlòmíràn, ilé onítọ̀hún sì ti dé òrùlé.

Mo lọ bá bàbá ní Lákòwé, mo bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ló dé.

“Ṣé o ò rí i ni? Bí mo bá jáde nílé, Ajah ni mo máa kọ́kọ́ kàn. Ìkọ̀tá ló wà níwájú.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Láti apá Lẹ́kí nìkan ni mo ti ka títì náà, apá Ẹ̀pẹ́ sì ni Lákòwé wà.

Káfíńtà náà tọ̀ wá wá. Ó jókòó sétí àga, ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè dá orúkọ mi padà síbẹ̀.” Mo dá a padà lójú rẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ka “a ti tà á” tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, ó dúpẹ́ bí ẹni tí mo ṣe lóore, ó sì jáde. Ojú tì mí gan-an.

Nọ́ńbà lásán ni mo ń fún ètò tí mo bá ṣe báyìí, kò sì tù mí nínú. Bí èèyàn bá ní kò sí àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe, n kì í gbà bẹ́ẹ̀, torí mo tún tèmi ṣe, káfíńtà náà ò rí ilẹ̀ rẹ̀ gbà, ó sì padà lọ sùn sínú ilé onílé tó ń bá wọn kọ́ lọ́wọ́.