Etí Mùfú àti Ẹ̀rọ Ìbàfò

Mùfútàù Àkànní, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí iná ò bà lẹ́rù, ọmọ a-rọ-irin-bí-ẹni-rokà, ọkọ Síkírátù, ọkùnrin gbọọrọ tí í bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé! Mo rántí ìgbà tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìbàfò, níbi tí a ti ń yọ́ hóró ike fi ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike náà ti gbó kí wọ́n tó rà á. Òkè òkun ni wọ́n ti lò ó títí ó fi sú wọn. Ìyá Àgbà là ń pè é. Géèjì tó ń sọ bó ṣe gbóná tó ti kú. Mùfú ni géèjì wa. Á fi ìka ta omi sí irin, á tẹ́tí sí bó ṣe ń hó, á ní, "Ẹ dín iná kù," tàbí, "Ó ti dáa." Kì í ṣì í. Mo máa ń fi í yangàn fún àlejò. Mi ò mọ̀ pé etí rẹ̀ ni Bánkólé, mánijà wa, fi ń sá fún owó géèjì tuntun. Láràárọ̀, Bánkólé á ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ilé iṣẹ́ pé géèjì dára. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ ó tó mi kọ irọ́.

Ogún àpò hóró ike lójúmọ́ ni agbára ẹ̀rọ náà nígbà tó wà ní tuntun. Bánkólé ní ọgbọ̀n lòun fẹ́, torí hóró ike ti wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ náà ti gbówó lórí.

Mùfú ní, "Mánijà, Ìyá Àgbà ò rí nǹkan oṣù mọ́, ẹ wá ní kó bí ìbejì!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bánkólé ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa ra tuntun ni? Tó bá ti rẹ̀ ọ́, géètì wà ní ṣíṣí."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ike dí ẹnu ẹ̀rọ. Mùfú ta omi sí i, ó fà sẹ́yìn. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pa á. Ohùn ẹ̀ ò dáa."

Èmi àgbà òṣì! Mo wo Bánkólé tó dúró lẹ́yìn mi, mo ní, "Ṣe ọkùnrin, Mùfú. Ṣí ẹnu ẹ̀ fún wa." Ó ṣí i, torí pé àgbà ni mo jẹ́ sí i. Ike gbígbóná tú jáde, ó bò ó láti ojú dé àyà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́sìbítù kó tó kú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bánkólé wá kí wa nílé Mùfú ní Mowe. Ó gbé ìwé ilé iṣẹ́ lé itan, ó ní àìwo géèjì ló pa Mùfú. Ó ṣí ibi tí mo kọ. "Bàbá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

Síkírátù kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé géèjì yẹn ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Rárá. Irọ́ ni mo ń kọ. Òun ló ní kí n máa kọ ọ́."

Bánkólé ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Síkírátù dìde, kò sì tún wo ojú mi títí di òní. Mo kórìíra Bánkólé, mi ò ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bánkólé ni Mùfú gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a kírun sí i lára, a sì sin ín sí Ifọ̀.